Olè Tó Kí Ará Ilé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fa àpótí, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹni tó ń din àkàrà kóòsé lọ́hùn-ún dín iná kù díẹ̀, kí ariwo epo má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní orin nínú, orin rẹ̀ sì nìyí, ẹ bá mi gbè é:

*Ta ló wọlé? Ẹ bi ilẹ̀kùn.*
*Ta ló jáde? Ẹ bi ilẹ̀kùn.*
*Ilẹ̀kùn ò lẹ́nu, ó lójú,*
*Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ni yóò sọ.*

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Dichemso, nínú Kumasi yìí, ni ohùn àwọn òkú ti sọnù.

Mo ní ohùn. Bó ṣe wúrà ni, à bá ti mọ ọjà tí a ó ti lọ wá a. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi ni wọ́n ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ: oríkì, ẹkún ìyàwó, orin wákà, àlọ́. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú sáfà kan. Kọ̀ǹpútà náà ni sáfà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kì í sùn ni, ó wà lọ́nà jíjìn, èèyàn á sì jókòó sílé tirẹ̀ kó máa wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ agbo-ilé. Bí o bá wọ̀ ọ́, ojú dúdú ló máa là sí ọ. Ìwọ á kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ, òun á ṣe é. O ní kó gbé, á gbé. O ní kó gbá, á gbá. Kì í bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú.

Tèslìmù ló ń ṣọ́ ilé ohùn yìí. Ọkùnrin tó ga, tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí ń fi ẹ̀rín músẹ́ dáhùn ohun gbogbo. Òun náà ló dá ẹgbẹ́ Ojúde Sáfà sílẹ̀ lórí Wásáàpù, níbi tí ẹni tó mọ àṣẹ kan ti máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀, láìgba ohunkóhun. Ará Kumasi wà níbẹ̀, ará Tàmálè wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ń bá wọn dá sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alhaja Sàbírátù, ìyá àwọn obìnrin àdúgbò, gbé fóònù rẹ̀ kó lè gbọ́ ẹkún ìyàwó tí ìyá rẹ̀ sun sílẹ̀ kó tó kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń múra ilé ọkọ, ó sì ti ṣèlérí fún un pé ìyá-ńlá rẹ̀ ló máa sin ín jáde nílé. Ó tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tí Tèslìmù fi wọ inú sáfà láti wò ó, ńṣe ni ilé dá wáí, bí ilé tí wọ́n fi omi fọ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá Bákàrè, alága gbogbo wọn, ló ránṣẹ́ pe Ùmmúkùlsùm.

Ọmọ àdúgbò Aboabo ni Ùmmúkùlsùm, baba rẹ̀ ará Ọ̀yọ́. Ó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọlọ́pàá kò bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá ń ronú, orin ló ń kùn. Àwọn tí wọ́n ti jìyà ọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé bí o bá gbọ́ tí orin yẹn dákẹ́, kí o yáa máa jẹ́wọ́.

Nígbà tó wọ pálọ̀ Bàbá Bákàrè, ó bá Tèslìmù lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, oúnjẹ ní iwájú rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Bàbá Bákàrè kò jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ní àwọn ti rí ipasẹ̀ olè, torí pé sáfà máa ń rántí gbogbo àṣẹ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ Tèslìmù ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Ó ní òun ti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ ní Ojúde Sáfà, kí olè má baà sá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú títí ìpàdé ọjọ́ Àìkú, òun á yọ Tèslìmù lẹ́gbẹ́ lójú gbogbo èèyàn, òun á sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

"Ọmọ tí mo gbé lé ẹsẹ̀ mi níbi ìkómọ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Àǹtí Ùmmú, ẹ wò ó fún mi. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Ùmmúkùlsùm ní kí wọ́n ṣí ipasẹ̀ náà fún òun. Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sán gangan, ni olè ti wọlé. Ohun tó kọ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ń béèrè lọ́wọ́ sáfà pé àwọn wo ló wà nínú ilé. Èkejì ní kó kó gbogbo ẹrù ilé jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ. Ẹ̀kẹta ní kó gbá gbogbo ilé nù.

"Ó kó o, ó tún gbá a," ni Bàbá Bákàrè wí. "Bí èyí kì í bá ṣe olè, kí ni olè?"

Ùmmúkùlsùm ti ń ronú. Ó ń kùn: *ta ló wọlé, ta ló jáde*. Tèslìmù gbé orí sókè, ó ní ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, òun wà níbi ìsìnkú ní Tafo, òun wà lára àwọn tó gbé òkú, Bàbá fúnra wọn sì wà níbẹ̀. Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù wà lápò rẹ̀, ó sì lè ti fi ránṣẹ́ fún ẹni tó bá a ṣe é. Tèslìmù tún gbé orí walẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sùn bá bá báyìí, bó sọ̀rọ̀, ẹjọ́; bó dákẹ́, ẹjọ́.

Ọ̀dọ̀ Àfísù ni gbogbo ojú wá kọ sí.

Àfísù ń tún fóònù ṣe ní Aboabo, ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Òun àti Tèslìmù kì í jẹ oúnjẹ kan. Oṣù tó kọjá ló kọ ọ́ sí Ojúde Sáfà pé Tèslìmù ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí sáfà. Èyí tó wá burú jù ni pé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, Àfísù yìí ló kọ àṣẹ ìgbálẹ̀ sójú gbogbo ẹgbẹ́. Àṣẹ yẹn gan-an ni wọ́n fi gbá ilé ohùn nù, kò yàtọ̀ ní ẹyọ kan.

Ùmmúkùlsùm bá a níbi tó ti dojú fóònù kan dé, tó ń fi búrọ́ṣì kékeré nù ún nínú.

"Sàláámù àlékù, Àfísù."

"Wà àlékù sàláámù, Àǹtí Ùmmú. Fóònù ló bàjẹ́ ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni mo wá yẹ̀ wò. Àṣẹ ìgbálẹ̀ tó wà ní Ojúde Sáfà, ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni. Yàhàyá, ọmọ iṣẹ́ mi, ní sáfà òun ti kún, mo ní kó gbá a. Ẹni tó ta ọ̀bẹ, ṣé òun ló pa ewúrẹ́?"

"Ìgbà mìíràn, òun ni."

Àfísù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Ùmmúkùlsùm sọ fún un pé ilé ohùn ti ṣófo, ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀ bí omi tí wọ́n dà sórí páànù gbígbóná. Búrọ́ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá òun wà nínú ilé yẹn, wàláì, bàbá òun tó pa àlọ́ ìjàpá tó fi ń rẹ́rìn-ín débi tí kò fi lè parí rẹ̀. Ta ló ṣe é? Òun ò fẹ́ràn Tèslìmù, ṣùgbọ́n ṣé èèyàn á torí ìjà ti iná bọ ilé tí bàbá rẹ̀ wà?

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kì í gba omijé gbọ́ títí yóò fi tọ́ ọ wò. Ó ní kí Àfísù wọ inú sáfà tirẹ̀ lójú òun, kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Àfísù ṣí kọ̀ǹpútà, ó wọlé gbàrà, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"O ò béèrè ẹni tó wà nílé kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ilé mi ni, Àǹtí. Ta ni mo fẹ́ kí? Tèslìmù ló máa ń ṣe ìyẹn, bí ìyàwó tuntun."

Orin dákẹ́ lẹ́nu Ùmmúkùlsùm.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń rò fún yín. Gbogbo ayé rí ẹrù tó jáde, gbogbo ayé rí ìgbálẹ̀. Kò sí ẹni tó wo àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí pé kò ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n olè wo ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní "ẹ kú ilé o"? Ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni olè fi ń rìn. Ẹni tó kí ará ilé, kò mọ̀ pé òun ń jalè. Kò sì sí ibi tó ti lè kọ́ ìkíni yẹn bí kò ṣe ní ọwọ́ Tèslìmù.

Kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Àfísù tó fi gba fóònù rẹ̀, tó wá ọ̀rọ̀ Ojúde Sáfà lọ sí àárọ̀ Jímọ̀. Àfísù bi í pé kí ló ń wá, ó ní òun ń wá ọpẹ́. Yorùbá ni wá, kódà bí a ti bí wa sí Kumasi, bí a gbé ẹnu wa sínú Twi àti Hausa. Ẹni tí a ṣe lóore lánàá tí kò wá dúpẹ́ lówùúrọ̀, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó wa lẹ́rù ni. Ẹni tó ń kí ilé kó tó wọ̀ ọ́ kò ní ṣàì dúpẹ́ àná.

Ó sì rí i. Yàhàyá dúpẹ́: "Ọ̀gá, ẹ ṣé àná o, sáfà mi ti fúyẹ́." Lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí kò béèrè ohunkóhun náà dúpẹ́: "Bọ̀dá Àfísù, ẹ ṣé àná, Ọlọ́run á gbà á. Èmi náà ti fi gbálẹ̀."

Fuseina ni orúkọ tó wà lórí ọpẹ́ náà.

Ùmmúkùlsùm kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ibo ni Fuseina ti rí kọ́kọ́rọ́? Ó padà sí Dichemso, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tèslìmù, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ta ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ délẹ̀? Ó ní Fuseina nìkan, àwọn yòókù ti sá. Irú ọmọ wo ni? Ó ní ọmọ tó gbọ́ràn ju gbogbo wọn lọ, òun kò rí irú rẹ̀. Ṣé ó fún un ní kọ́kọ́rọ́? Ó fi Kùránì búra pé òun kò fún ẹnì kankan.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí, ibo ló ń gbé?"

"Nínú laptọ́ọ̀pù. Ìwé kékeré kan ni, kò ṣeé fojú rí bí o kò bá wá a."

"Laptọ́ọ̀pù yìí?"

"Èyí ni."

Ó gbé e, ó yí i po. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ojú ohun tuntun ṣì wà létí rẹ̀. "Èyí kò tíì jẹ iyọ̀ tó oṣù mẹ́ta. Ti àtijọ́ dà?"

Tèslìmù la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, Bàbá Bákàrè sì dúró ṣánṣán láàárín pálọ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba fíríìdómù, télọ̀ á fún un ní àlùmọ́gàjí, káfíńtà á fún un ní ayùn. A ó gbàdúrà sí i, a ó ní kó fi là. Tèslìmù kò ní àlùmọ́gàjí. Lọ́jọ́ fíríìdómù Fuseina, lójú gbogbo èèyàn, ó kó laptọ́ọ̀pù tirẹ̀ gan-an lé e lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jó. Kò rántí yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú rẹ̀.

"Astaghfirullah," ni Bàbá Bákàrè wí, ó sì jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n wọ trotro, ọkọ̀ èrò, lọ sí ilé Fuseina ní Tafo, Ùmmúkùlsùm àti Tèslìmù. Ní ọ̀nà ni Ùmmúkùlsùm ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun níbẹ̀ títí òun yóò fi fún un láàyè.

Fuseina ń fọ ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà fún wààkyé nígbà tí wọ́n dé. Bó ti rí ọ̀gá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, inú rẹ̀ dùn débi tí kò fi rí bí ojú ọ̀gá náà ṣe rí. Ó ní ẹ káàbọ̀, Ọlọ́run ló mú yín wá, oúnjẹ kò ní pẹ́ jinná. Ùmmúkùlsùm ní òun gbọ́ pé ó mọ iṣẹ́ sáfà, kó jọ̀ọ́ fi hàn òun bó ṣe ń ṣe é. Fuseina gbé laptọ́ọ̀pù fíríìdómù jáde, ó ti fi í sínú àpò aṣọ kan tí ó rán fúnra rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní bọ́tìnì.

Ó ṣí i. Ó wọlé. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó kọ ìbéèrè yẹn: àwọn wo ló wà nílé?

Tèslìmù yí ojú sí ògiri.

"Ilé ta nìyí?" ni Ùmmúkùlsùm béèrè.

"Ilé mi ni, Àǹtí. Ibi tí mo fi ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ti ṣe ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú laptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó fún mi. Mo ti gbá a lọ́jọ́sí torí ó ti kún paa, mi ò mọ ohun tó kún un."

"Ó dáa. Bi í léèrè orúkọ tí ó mọ̀ ọ́ sí."

Fuseina kọ ọ́, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú dúdú náà dáhùn pẹ̀lú orúkọ kan: *Tèslìmù*.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ẹ rí i, ẹṣin tí a fi ta ọrẹ, bí ẹni tó gùn ún kò bá mọ̀nà, ilé olówó rẹ̀ àtijọ́ ló ń darí sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni laptọ́ọ̀pù yẹn mọ̀, ilé ohùn ló sì já sí. Láti ọjọ́ fíríìdómù rẹ̀, inú ilé àwọn òkú ni ọmọbìnrin yìí ti ń kọ́ṣẹ́, kò mọ̀. Òun ló sì gbá a.

Nígbà tó yé e, kò kígbe. Ńṣe ló kàn ń fi ọwọ́ ra ilẹ̀, bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilé yẹn pẹ̀lú.

Ùmmúkùlsùm di ọwọ́ náà mú. "Fuseina, gbọ́ mi. O kí ilé, mo rí i. O gbálẹ̀, mo rí i. Láàárín méjèèjì, kí lo ṣe?"

"Mo kó ẹrù síta. Ọ̀gá ló kọ́ mi. Wọ́n ní èèyàn kì í gbá yàrá kó má kọ́kọ́ kó ẹrù síta."

"Níbo lo kó o sí?"

Ó dìde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wọ yàrá, ó mú àpótí irin pẹlẹbẹ kan bọ̀, irú èyí tí a fi ń tọ́jú nǹkan kọ̀ǹpútà, tó fi gèlè àtijọ́ wé. Ó ní lọ́jọ́ náà, ẹrù ọ̀hún pẹ́ kó tó jáde tán, òun rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dáa. Òun kò tíì ṣí i wò.

Tèslìmù so ó mọ́ laptọ́ọ̀pù. Ó tẹ ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá, bàbá àgbàlagbà kan sì bú sẹ́rìn-ín nínú iyàrá yẹn, ó ní ìjàpá, ìjàpá, ó tún rẹ́rìn-ín, kò lè parí rẹ̀. Baba Àfísù ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, àgbàlá Bàbá Bákàrè kún. Àwọn èèyàn ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé wọ́n fẹ́ yọ ẹnì kan, wọ́n sì jókòó bí ẹni tó wà níbi òkú. Bàbá dìde, ó ní òun fẹ́ sọ orúkọ ẹni tó jẹ̀bi. Tèslìmù wà níwájú. Fuseina wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń sunkún kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni," ni Bàbá Bákàrè wí. "Mo pe ọmọ mi ní olè kí n tó bi í léèrè. Tèslìmù, fi orí jì mí."

Kò sí ẹni tó tíì rí i kí Bàbá Bákàrè tọrọ àforíjì ní gbangba rí. Tèslìmù dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ̀bi tòun ló tóbi jù, òun fún èèyàn ní ẹ̀bùn láìwo inú rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ní Ojúde Sáfà, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun èlò ta ọrẹ á kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ jáde lójú ẹni tó ń gbà á. Àfísù ní kí wọ́n fi kún un pé kí ẹni tó bá kọ àṣẹ ìgbálẹ̀ máa sọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbá. Tèslìmù wò ó, Àfísù wò ó padà, ó ní kò túmọ̀ sí pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ bẹ́ jáde.

Fuseina ni wọ́n ní kó dá ẹrù padà. Ó jókòó láàárín wọn, ó gba ọ̀nà títọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fún un. Ó kó ohùn gbogbo padà sínú ilé. Nígbà tó tún wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò, Alhaja Sàbírátù tẹ orí sí i, ó bi í pé kí ló kọ́kọ́ ń kọ yẹn.

"Mo ń béèrè ẹni tó wà nílé, Ìyá."

Alhaja gbé fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin arúgbó kan sì jáde, ó ń sun ẹkún ìyàwó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síta:

*Bí mo bá lọ, ẹ má wá mi lọ́nà oko,*
*Ẹ má wá mi lọ́nà odò.*
*Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ pe orúkọ mi,*
*Ohùn mi wà nílé, ohùn mi á jẹ́ yín.*

Ọmọ-ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ dojú bo itan ìyá-àgbà rẹ̀. Bàbá Bákàrè ń fi etí agbádá nu ojú. Ùmmúkùlsùm, tí kì í sunkún níwájú èèyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin náà lábẹ́ ẹnu, títí gbogbo àgbàlá fi gbè é.

Lẹ́yìn náà ni Fuseina àti Tèslìmù gbé ìkòkò wààkyé jáde, wọ́n ní owó ìtanràn àwọn nìyẹn. Ẹran wà nínú rẹ̀, ẹyin wà, ata dúdú wà tó ń ta ènìyàn ní imú. Àfísù bù lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìgbà tí wọ́n gbá òun lọ́kàn, ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan dí i. Gbogbo wa jẹ, a yó, oníkálukú gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, Dichemso, Aboabo, Tafo. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ wàyí, kóòsé yín wà nínú ewé níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá délé, ẹ kí ilé o.